Àjà Tí Kò Ní Irin

Kò sí irin nínú rẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ rò nìyẹn nígbà tí èmi àti ọmọ mi obìnrin wọ ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta kan ní Atlanta. Bíríkìlà ni mí l'Ékòó kí n tó wá síbí. Dẹ́kìn, àjà oníkankéré, tó nírin dáadáa wó lu ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí a fà á jáde, òkè ló ń wò, "ọ̀run, ọ̀run" nìkan ló ń sọ títí ó fi dákẹ́. Láti ìgbà náà, mi ò lè wọ ilé kí n má wo àjà. Ìyàwó mi ní aláǹgbá ni mò ń wá.

Iṣẹ́ ilé ìwé ọmọ náà ló gbé wa wá láti Grayson, ìlú tí à ń gbé. Nínú mọ́tò, ó ń ròyìn ohun tí tíṣà wọn sọ: pé láyé àtijọ́ ní Yúróòpù, bí ìlú bá ṣe ń tóbi, tí owó ọjà ń wọlé, ni wọ́n ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tó ga ju ti ìlú kejì lọ, kí ojú èèyàn lè máa wo òkè.

"One of them fell, Dádì. They built it too high."

Ṣé irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ fún bíríkìlà nìyẹn?

Irú ilé yẹn ni wọ́n wò kọ́ èyí. Ọmọ mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbójú sókè, ó ń ya àwòrán àjà. Èmi ń wá ibi tó ti sán. Lójijì dùùrù ńlá wọn dún, bẹ́ǹṣì gbọ̀n lábẹ́ mi. Mo yíjú sí ọmọ mi. Pẹ́ńsù ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òkè ló ń wò, kò mira.

"Dádì, ọ̀run dùn," ló wí jẹ́jẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi gan-an nìyẹn. Mi ò mọ ìgbà tí mo gbé e sáré jáde, tí mò ń pariwo Jésù. Níta, mò ń mi ejìká rẹ̀. "Ta lo rí? Ta ló ń pè ọ́?"

"Stop! Ọ̀run mi! My neck!" Ó di ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ mú, ó ń sunkún. "I've been looking up since!"

Ọrùn ló ń dùn ún. Yorùbá tí mo kọ́ ọ nílé náà ló sọ, ó kàn ṣi ohùn gbé ni. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn.

Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká go back. Mi ò tíì draw àwọn window."

Ó ku díẹ̀ kí n sọ pé rárá. A wọlé padà. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí gan-an, mi ò ní purọ́. Mo jókòó tì í, mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ọrùn rẹ̀ dúró, kó lè máa wo òkè.