Majvor Tó Bẹ̀rẹ̀ Ọgbà Rẹ̀ Láti Inú Ìkòkò Ọbẹ̀

Nígbà tí Folke kú, Majvor ìyàwó rẹ̀, aládùúgbò mi, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun lórí ìdúró. Mo máa ń rí i láti ojú fèrèsé mi: á gbé àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti ń fọ abọ́, á wo òdòdó tó wà níta, ká tó ṣẹ́jú ó ti jẹ tán. Obìnrin tó fi ọ̀pọ̀ ọdún se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé abúlé wa nílẹ̀ Sweden nìyí o, tí kì í jẹ́ kí ọmọ kankan dìde láìjẹ tán.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó gbàgbé pé òun nìkan ló kù. Lọ́dọ̀ wa, Ọjọ́bọ̀ lọjọ́ ọbẹ̀ píìsì, ìyẹn ẹ̀wà róbótó kan, ìkòkò ńlá ló sì ti mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọbẹ̀ pọ̀ ju ẹnu lọ. Ó pe èmi àti Roland, bàbá àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ pákó, tó ń dá gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Roland jẹun yó. Nígbà tó nu ẹnu tán, ó ní, "Mi ò rántí ìgbà tí mo bá èèyàn jẹun kẹ́yìn."

Ṣùgbọ́n nígbà tí Majvor tún pè é lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó kọ̀. "Ṣé alágbe ni mí ni?"

Nígbà òtútù, mo rí Majvor nínú bàtà òjò Folke, tó ń tẹ yìnyín mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé. Á tẹ ìlà gígùn kan, á dúró, á wo oòrùn, á tún tẹ òmíràn. Roland ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Majvor, ṣé ijó lò ń jó ni, àbí orí ẹ ti dàrú?"

"Ọbẹ̀ ni mò ń sè!"

"Nínú yìnyín?"

"Ẹ̀wà ló wà níbi tí mo dúró sí yìí. Àlùbọ́sà nìyẹn. Jọ̀ọ́ panu mọ́, má jẹ́ kí n ṣìnà."

Èmi ni Majvor wá ṣàlàyé fún. Ó ní àwọn èèyàn máa ń ra irúgbìn kí wọ́n tó bi ara wọn pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ọgbà ṣe. Òun mọ tòun: kí ẹnikẹ́ni ládùúgbò wa má dá jẹun ní Ọjọ́bọ̀ mọ́. "Roland ò ní wá jẹ ọbẹ̀ àánú. Àmọ́ tí mo bá ní ẹ̀wà tó yẹ kó bá mi bó, á wá."

Inú ìkòkò ló ti bẹ̀rẹ̀ ìrònú rẹ̀, tó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ dé inú ilẹ̀. Ẹ̀wà ló pọ̀ jù nínú ọbẹ̀, torí náà òun ló ni ibi tí oòrùn ti ń pẹ́ jù. Ewé olóòórùn dídùn tó ń lọ sínú ọbẹ̀ á wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìdáná, torí orúnkún ń dùn ún. Ọ̀nà tó lọ síbi tábìlì tí á wà níta gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó kẹ̀kẹ́ tí Roland ń tì rìn. Nígbà tí ọmọbìnrin tó ń ta irúgbìn fẹ́ kó tòmátì lé e lọ́wọ́, ó ní, "Ó rẹwà o, ọmọ mi, àmọ́ kò níṣẹ́ nínú ọbẹ̀ mi."

Wàhálà ibẹ̀ ni pé òdòdó róòsì ìyá Folke ló wà níbi tí oòrùn ti ń pẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ rọ̀, Majvor hú wọn tìṣọ́ratìṣọ́ra, ó fi àpò tútù wé gbòǹgbò wọn, ó sì ní kí Ingegerd, àbúrò Folke, wá kó wọn. Tìbínú-tìbínú ni Ingegerd dé.

"Òdòdó ìyá mi! Ọdún mélòó ni Folke tíì lò nínú sàréè tóo ti ń hú ohun tiwa dànù?"

"Èmi nìkan ló ń wò wọ́n, Ingegerd. Èmi nìkan, pẹ̀lú àwo lọ́wọ́."

"Torí ẹ̀wà! Ẹ̀wà tó kún ilé ìtajà!"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Torí ẹ̀wà."

Ingegerd kó òdòdó sínú ọkọ̀, ó lọ, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Lọ́dún yẹn, nígbà tó yẹ kí ẹ̀wà gbẹ, òjò ò dá. Ẹ̀wà náà bu sára igi rẹ̀. Èyí tó ṣẹ́kù ò kún ife. Mo bá Majvor níbi tó jókòó sí nínú ẹrẹ̀, tó ń sunkún, tó ń sọ pé òun ba òdòdó olódòdó jẹ́ lásán. Ibẹ̀ la wà tí Roland fi ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé, tó wo ẹ̀wà náà yí ká.

"Òrùlé ni wọ́n ń fẹ́. Ta ló ní pákó?"

Bó ṣe di pé gbogbo àdúgbò ń wá kan pákó nìyẹn. Roland jókòó, ó ń pàṣẹ, ó ń bú gbogbo wa pé a ò mọ ìṣó í kàn. Ẹ̀wà ilé ìtajà ni Majvor sè ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, pẹ̀lú àlùbọ́sà tirẹ̀. A kún ìdí tábìlì. Kò sẹ́ni tó lọ dá jẹun nílé. Mo rí i tó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gbàgbé láti bu tirẹ̀.

Lọ́dún kejì, ẹ̀wà gbẹ kóró lábẹ́ òrùlé. Ingegerd wá lọ́jọ́ tí à ń bó o. Kò tọrọ àforíjì, Majvor náà ò sì béèrè. Ó kàn fa àga fún un, ó sì gbé abọ́ ẹ̀wà lé e nítan.

Ní báyìí àwọn èèyàn máa ń pe Majvor kó wá bá wọn wo ilẹ̀ wọn. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, tọkọtaya kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ka orúkọ oríṣiríṣi ewébẹ̀ fún un. Ó jẹ́ kí wọ́n kà á tán, ó wá yíjú sí ọkọ, tí àárẹ̀ hàn lójú rẹ̀.

"Ìwọ, sòótọ́. Kí lo fẹ́ fi ibí yìí ṣe?"

Ọkọ wo ìyàwó rẹ̀. "Mo fẹ́ máa sùn níbẹ̀."

Ni Majvor bá ní kí wọ́n má wulẹ̀ gbin ewébẹ̀ kankan. Koríko rírọ̀ ni kí wọ́n gbìn, pẹ̀lú igi kan tí á máa ṣíji bò wọ́n lọ́sàn-án.