Kòkòrò Ojú Omi àti Olú Ara Afárá

Mo rántí ìgbà tí ara mi kì í balẹ̀ rárá, nígbà tí mo wà nílé ìwé ní Ìkọ̀lé, tí gbogbo ọkàn mi wà ní Èkó tí n kò tíì fojú rí. Tíṣà wa ní kí kálukú mú ohun ẹlẹ́mìí méjì létí odò, kí a sọ ìyàtọ̀ wọn. Mo mú kòkòrò dúdú kékeré tó máa ń yí bírí lójú omi, mo sì mú olú tó ń hù lára igi àràbà tí wọ́n gbé dábùú odò, tí gbogbo wa ń gbà kọjá lọ sóko. Mo kọ ọ́ pé aláápọn ni kòkòrò, kò gbélẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ ni olú, ó kàn jókòó síbẹ̀. Ẹ ò rí ọ̀mọ̀wé! Tíṣà kà á tán, ó ní, "Olú yẹn kì í jẹun ni?"

Mo gbé ìbéèrè náà délé. Ìyá mi ń ṣa pàǹtí kúrò lára olú tó já lórí afárá yẹn gan-an. Tójò bá ti ń rọ̀, ọbẹ̀ la fi ń ṣe, inú wa a sì máa dùn pé igi náà ń bọ́ wa. Ó ní, "Ugi náà ló ń jẹ. Kí lo tún fẹ́ kó jẹ?"

Lọ́jọ́ kejì, mo jókòó ní kíláàsì, mo ń ro ọ̀rọ̀ ìyá mi. Ìgbà tó yá ló yé mi: bí olú bá ti ń jẹ igi náà látọjọ́ yìí, kí ló kù níbẹ̀ tí ìyá mi ń tẹ̀ kọjá? N kò tọrọ àyè lọ́wọ́ tíṣà. Eré ni mo sá dé odò. Ìyá mi ti ń ti oko bọ̀ lódìkejì, ó ru iṣu, ó ti fẹ́ gbésẹ̀ sórí igi. Mo kígbe, "Yèyé, mọ́ tẹ̀ ẹ́!" Ó dúró, ó ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Mo fi ọ̀pá gún igi náà, ọ̀pá wọ inú rẹ̀ bí ẹni gún ẹ̀kọ. Mo tì í, ó kán sáàárín òkúta ìsàlẹ̀. Ìyá mi yí gba òkè odò níbi tómi ò ti jìn, ó dì mọ́ mi.

Mo rí Èkó nígbẹ̀yìn. Mo rí Ìbàdàn, mo rí Kánò, láti iṣẹ́ dé iṣẹ́, mo ń yí bírí, mo sì ń pè é ní ìlọsíwájú. Ìyá mi wà lójú kan ní Ìkọ̀lé, ẹni tó bá rán sí mi, ohun kan náà ló máa ń ní kó sọ: ara òun le. Mo gbà á gbọ́. Àìsàn ti ń jẹ ẹ́ nínú, díẹ̀díẹ̀, kò sì pariwo, títí ó fi gbé e lọ. Ó dùn mí títí dòní pé lẹ́ẹ̀kejì, n kò sí létí odò láti kígbe.