Jíà Ẹ̀yìn Hidayah

Inú ń bí mi, n kò sì ní fi í pa mọ́. Hidayah, ọmọbìnrin tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé búrẹ́dì mi lọ sí Ikoga láràárọ̀, ni wọ́n hu irú ìwà yìí sí.

Ẹsẹ̀ ọmọ náà le. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré lójú ọ̀nà Seme gbà á wọlé, kò pẹ́ tó fi ń fi ọ̀pọ̀ ọkùnrin wọn sílẹ̀ sẹ́yìn. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: kí wọ́n mú un mọ́ àwọn tí yóò sáré fún ìpínlẹ̀ Èkó. Ìdíje Abẹ́òkúta ni wọ́n ti máa yàn wọ́n.

Ilẹ̀ Àgbádárìgì tẹ́ pẹrẹsẹ. Nítorí náà, jíà kékeré, irin eléyín tí ṣéènì ń yí, ni ẹgbẹ́ náà ń so mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Ó le láti tẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń sáré. Ẹni tó bá so jíà ńlá, èyí tó ń mú kí òkè rọrùn láti gùn, wọ́n á ní arúgbó ni. Àwọn tí kò gun òkè kankan rí ju afárá lọ!

Hidayah béèrè lọ́wọ́ àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń gbé Abẹ́òkúta bí ọ̀nà ibẹ̀ ṣe rí, ó sì lọ ra jíà ńlá ní Seme. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, Dèjì, ọ̀gá ẹgbẹ́ wọn, rí i lára kẹ̀kẹ́.

"Tú nǹkan yìí kúrò. Ṣé o fẹ́ dójú tì wá ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, òkè pọ̀ níbẹ̀."

"Ta ló bi ọ́? Tó ò bá tú u, o ò bá wa lọ."

Ó tú u, ó so kékeré padà. Kí ni ì bá ṣe? Ọwọ́ Dèjì ni orúkọ gbogbo wọn wà.

Òkè àkọ́kọ́ ló ti tú àṣírí wọn. Dèjì fúnra rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó ń ti kẹ̀kẹ́ bí ẹni ń ti bárò. Hidayah tẹ̀ ẹ́ títí orúnkún fi kọ̀ fún un, òun náà bá sọ̀kalẹ̀. Àwọn tó ń yan eléré fún Èkó kò mú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ẹ wá gbọ́ ohun tí Dèjì ń sọ káàkiri: ó ní obìnrin tí àwọn mú dání ló fà àwọn sẹ́yìn. Ojú kò tiẹ̀ tì í!

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Hidayah so jíà ńlá rẹ̀ padà, a jọ wọkọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta. Mo dúró lórí òkè àkọ́kọ́ tó dá wọn dúró yẹn, mò ń wò ó bọ̀. Ó gun òkè náà tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀.

"Àlàájà, ṣé ẹ rí mi?"

Mo ní mo rí i. Kí ni rírí tèmi fẹ́ ṣe fún un?