Àgùntàn Kì Í Ké

Òórùn kirẹ́sìlì ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà dókítà ẹran ní àdúgbò Kotto. Oògùn dúdú ni, tí wọ́n máa ń dà sómi tí omi á sì funfun bíi wàrà, tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ ibi tí ẹran bá wà. Àgùntàn ìyàwó mi ni mo fà wá. Oṣù karùn-ún rèé tí ìyàwó mi, ìyá Tàwá ọmọ wa, ti kú, àgùntàn yìí ló sì fi sílẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé wa. Bí òórùn náà ṣe wọ imú mi, mo padà di ọmọ ọdún mẹ́wàá ní àgbàlá wa lẹ́yìn ọjà Mboppi, ìyàwó mi sì padà di Rùkáyátù, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí kì í gba ìgbàkugbà.

Inú àgbàlá kan náà ni wọ́n bí wa sí, nílẹ̀ àjèjì tí àwọn bàbá wa wá ṣòwò sí. Bàbá mi ń ta aṣọ lọ́jà, bàbá Rùkáyátù ń ránṣọ ní yàrá iwájú, ẹ̀rọ rẹ̀ kì í sinmi àfi tí wọ́n bá pe ìrun. Yorùbá là ń sọ nínú ilé, Pidgin níta, Faransé nílé ìwé, àwọn ìyá wa sì máa ń fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wa wí. Tí Iléyá bá ku oṣù kan, bàbá mi á ra àgbò, á so ó mọ́ ìdí igi máńgòrò, iṣẹ́ tèmi sì ni láti máa bọ́ ọ. Ti ọdún tí mò ń sọ yìí funfun, ìwo rẹ̀ ká, ó sì máa ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ béèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ gbogbo wa. La bá sọ ọ́ ní Kòmísáà, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá ọlọ́pàá níbí.

Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí Iléyá dé ni mo yọ́ mú Kòmísáà lọ bá àgbò ọmọ olóbì àdúgbò wa jà lẹ́yìn gọ́tà. Mo ti fọ́nnu fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, n kò lè yí ohùn padà mọ́. Ní ìgbà kẹta tí wọ́n kàn, ìwo àgbò kejì bà á léjìká. Kò ké. Ẹ̀jẹ̀ kò jáde. Ó kàn ń tiro tẹ̀lé mi bọ̀ wálé.

Gbogbo ọmọ mùsùlùmí ló mọ̀ pé ẹran tó bá ń tiro kò yẹ fún ẹbọ Iléyá. Mo wá ṣe ohun tó dà bí ọgbọ́n lójú mi. Mo fa okùn rẹ̀ kúrú, mo so ó gírígírí mọ́ igi, mo sì da ẹ̀gbẹ́ tó fara pa kọ ògiri, kí ó lè máa dúró bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Kò lè rìn, nítorí náà kò lè tiro. Kò lè dùbúlẹ̀ pẹ̀lú. Odidi ọjọ́ méjì. Bàbá mi á máa lọ sọ́jà láàárọ̀, á kí i pé, "Kòmísáà, ṣé dáadáa ni," á sì kọjá.

Rùkáyátù nìkan ló dúró wò ó.

"Ó ń dùn ún," ó wí.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Òun náà ni."

"Àgbò ti wá ń bá ẹ sọ̀rọ̀ báyìí?"

"Etí ẹ̀ ti já wálẹ̀, ojú ẹ̀ ò ṣí tán. Wo bó ṣe ń lọ eyín, kò sì sí koríko lẹ́nu ẹ̀. Ìwọ tó ò ń bọ́ ọ, ìgbà wo lo rí i kẹ́yìn tó ń jẹ àpọ̀jẹ?"

Ó ní tí n kò bá sọ fún bàbá mi kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, òun á sọ. Mo bú u. Mo ní ọlọ́fòófó ni, mo ní kò ní rí ọkọ fẹ́. Ó sọ.

Bàbá mi tú okùn, Kòmísáà sì fi orúnkún lélẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe dókítà ẹran, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ń gun alùpùpù. Kó tó fọwọ́ kan èjìká náà, ó jókòó sílẹ̀, ó ń wo ojú àgbò náà bí ẹni tó ń ka lẹ́tà. "Goat di cry for small thing," ó wí fún bàbá mi. "Sheep no di cry, Alhaji." Ewúrẹ́ a máa ké nítorí nǹkan kékeré, àgùntàn kì í ké. Ó ní nínú igbó, èyí tó bá fi hàn pé ara ń ro òun ni ẹranko búburú á kọ́kọ́ gbé, ìdí nìyẹn tí àgùntàn fi máa ń pa á mọ́ra. Ó ní òun fẹ́ fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora kí òun tó da èjìká tó yẹ̀ náà sípò. Àmọ́ ẹran tó bá gba abẹ́rẹ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ títí oògùn á fi kúrò lára rẹ̀, Iléyá á sì ti kọjá.

Bàbá Rùkáyátù yọjú láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀. "Abẹ́rẹ́ fún ẹran tí a fẹ́ pa, Alhaji? Ẹ jẹ́ ká tètè dú u, ká pín in."

Bàbá mi wo èmi, ó wo okùn kúkúrú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọjọ́ méjì ló ti wà lórí ìdúró nínú ilé mi," ó wí. Ó wá yíjú sí dókítà. "Docta, chook am." Abẹ́rẹ́ sì wọlé.

Kò nà mí. Ìbá sàn kó nà mí. Ó ní kí n jókòó ti àgbò náà títí etí rẹ̀ á fi gbéra. Rùkáyátù wá jókòó pẹ̀lú mi. Nígbà tó yá, Kòmísáà mí kanlẹ̀, ó dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ rọ̀, ẹnu rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ díẹ̀díẹ̀. Lọ́dún yẹn, ẹran tí àwọn ará àdúgbò bù fún wa la jẹ. Kòmísáà pẹ́ lọ́dọ̀ wa, àmọ́ kò gbé ẹsẹ̀ bí ọ̀gá mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, nǹkan yín ti rọrùn ju tiwa lọ. Ní Kotto, àwòrán ojú àgùntàn wà lára ògiri, láti orí èyí tí ara rẹ̀ dá dé orí èyí tí ìrora ti wọ̀ lára, kí ẹnikẹ́ni lè fi wé ti ẹran tirẹ̀. Dókítà náà, ọmọbìnrin tí mo lè bí, fún àgùntàn wa lábẹ́rẹ́ kó tó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Oówo ló wà láàárín pátákò. "Papa, depuis quand?" ó bi mí. Láti ìgbà wo. N kò mọ̀.

Ìbéèrè kan náà ni dókítà ilé ìwòsàn bi mí nípa Rùkáyátù, n kò sì mọ̀ nígbà yẹn náà. Mo ń rí i pé ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ló fi ń sùn. Mo ń rí i tó ń bu oúnjẹ fún mi, tó ń sọ pé òun ti jẹun ní ilé ìdáná. Mo ń rí i tó ń di eyín pọ̀ tó bá fẹ́ dìde lórí ẹní ìrun, mo sì ń sọ fún ara mi pé àgbà ló ń dé. Mo rí gbogbo rẹ̀, n kò wò ó. Oògùn ti pọ̀ lónìí, abẹ́rẹ́ ti dára sí i, àmọ́ kò sí èyí tó lè rìn wá bá ẹni tí a kò bá wojú rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó lò kẹ́yìn láyé, nígbà tí abẹ́rẹ́ ti jẹ́ kí ara tù ú díẹ̀, mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Kò bínú. Ó wò mí pẹ̀lú ìyàlẹ́nu.

"Mo rò pé ẹ mọ̀ ni, Bàbá Tàwá," ó wí.