Itan Àgbò Tí Ìtùnú Dá Padà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Hikmat ṣe le tó, kí ó bi àwọn tó ti jókòó sí kíláàsì rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ nílé iṣẹ́ ògì ọmọdé tó wà nísàlẹ̀ Bẹ́ẹ̀rẹ̀ ni láti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bá àwọn sọ́pláyà lò, ìyẹn àwọn ará ìta tó ń kó àgbàdo, sóyà àti ọ̀rá wá fún ilé iṣẹ́ náà. Ó ń kọ́ wọn kí wọ́n máa ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò, nítorí orí àpò ni ọlọ́gbọ́n ọlọ́jà máa ń kó àgbàdo tó dára sí. Ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń sọ fún àgbàlagbà pé ọjà rẹ̀ ò dára láìtàbùkù rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí kì í fi ṣeré rárá: wọn ò gbọdọ̀ gba ohunkóhun lọ́wọ́ sọ́pláyà, ìbáà ṣe omi inú ọ̀rá.

"Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì," ló máa ń wí. "Ẹni tó jẹ ìrẹsì sọ́pláyà láàárọ̀, báwo ló ṣe fẹ́ dá àpò rẹ̀ padà nírọ̀lẹ́?"

Ọmọ Rájí télọ̀ ni Hikmat, láti agboolé kan lẹ́yìn Mápó. Ẹnu géètì ilé iṣẹ́ yìí náà ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tó ti ń wọn àpò lórí òṣùwọ̀n, kí wọ́n tó gbé e gòkè. Ó ti rí ohun tí àgbàdo tó bu lè fi inú ọmọ jòjòló ṣe, ó sì ti búra pé irú rẹ̀ ò ní gba ọwọ́ òun kọjá. Ìdí nìyẹn tó fi le.

Ọjọ́ kejì Iléyá ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Alhaji Yẹ̀kínì, bàbá tó ń kó àgbàdo fún wọn láti Ọjà'ba, fi itan àgbò kan ránṣẹ́ sí Ìtùnú. Òṣìṣẹ́ tuntun ni Ìtùnú, wọ́n ṣì ń dán an wò, kò sì tíì pẹ́ tó jáde ní kíláàsì Hikmat. Ẹ má bínú sí ọmọ náà o. Òkè Bọ́lá ni wọ́n ti tọ́ ọ, tíṣà ìjọ Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀, bí wọ́n bá ṣe kọ́ ọ náà ló ṣe ń ṣe é. Ó di ẹran náà padà, ó gbé e fún ọlọ́kadà, ó ní kó sọ fún Alhaji pé ilé iṣẹ́ àwọn ò fẹ́ kí àwọn jẹ nǹkan rẹ̀.

Ọlọ́kadà bá Alhaji láàárín àlejò, ó sì jíṣẹ́ náà sókè ketekete.

Ẹni tí kò bá dàgbà ní agboolé lè máa fi èyí rẹ́rìn-ín. Ní Bẹyẹrúnkà tí Alhaji ń gbé, ẹran Iléyá kì í padà sílé ẹni tó pa àgbò. Bí èèyàn kì í tilẹ̀ jẹ ẹran, yóò gbà á, yóò dúpẹ́, yóò sì fi ta ẹlòmíì lọ́rẹ. Ẹni tó bá dá a padà, ńṣe ló ń sọ pé ọ̀tá ni òun. Hikmat mọ èyí bí ẹní mọ orúkọ ara rẹ̀, àmọ́ kò sọ ọ́ ní kíláàsì. Ta ni í kọ́ èèyàn ní ohun tó rò pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n?

Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ padà lẹ́yìn ọdún, ọkọ̀ àgbàdo kò dé. Alhaji ní òun ò tà mọ́. Àgbàdo tó kù nílẹ̀ kò lè gbé ẹ̀rọ dé ọjọ́ kejì. Ni ọ̀gá àgbà, Ọ̀gbẹ́ni Oyèdélé, bá ránṣẹ́ pe Hikmat.

"Àǹtí Hikmat, ẹ lọ bá Alhaji sọ̀rọ̀. Bí àgbàdo ò bá wọlé lónìí, kí ọmọbìnrin yẹn máa gbé báàgì ẹ̀ lọ."

"Èmi ni mo kọ́ ọ, sà."

"Ẹ̀yin náà ni kẹ́ ẹ lọ tún un ṣe nìyẹn."

Bí àwọn méjèèjì ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ Mápó lọ, omijé ń dà lójú Ìtùnú. "Àǹtí, kí ni mo ṣe tí ò dáa? Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká má gbà á."

"Èmi ni. Nu ojú ẹ. Tá a bá débẹ̀, kúnlẹ̀, má sì sọ nǹkan kan." Ẹ̀rù ń ba Hikmat náà, ó kàn ń fi ìbínú bò ó ni.

Alhaji jókòó nínú pálọ̀ rẹ̀, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n kí i kú ọdún. Alhaji ń ka tẹ̀sùbáà lọ títí orúnkún fi bẹ̀rẹ̀ sí í dun Ìtùnú.

"Hikmat," ló wá pè é níkẹyìn. "Bàbá rẹ ló rán agbádá tí mo fi gbéyàwó. Èmi lo wá kọ́ ọmọ pé kó dá ẹran Iléyá padà fún, lójú àna mi?"

"Bàbá, ẹ̀bi mi ni, ẹ má fi bínú sí ọmọ yìí. Kò mọ̀ ni. Ó yẹ kí n ti kọ́ ọ pé kó fúnra ẹ̀ wá ṣàlàyé fún yín."

"Mo ti gbọ́." Alhaji kọjú sí ẹ̀yìn ilé. "Ẹ gbé e wá!"

Nígbà tí ẹni tó gbé àwo ẹran wọlé yọ, ara Hikmat bù máṣọ. Basit ni. Lọ́dún tó kọjá, kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ tó o nínú àwọn tí Hikmat kọ́. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà náà, sọ́pláyà sóyà kan fún un ní ìrẹsì ọdún, ó sì gbà á. Hikmat fúnra rẹ̀ ló fẹjọ́ rẹ̀ sùn, wọ́n sì lé e lọ. Hikmat gbọ́ pé ó ń wọn àpò fún ẹnì kan l'Ọ́jà'ba, kò wulẹ̀ bèèrè ẹni náà.

"Ẹ káàsán, Àǹtí," ni Basit wí. Ó gbé àwo náà kalẹ̀, ó sì lọ fara ti ẹnu ọ̀nà.

"Jẹ ẹ́," ni Alhaji wí. "Ìwọ gan-an, kì í ṣe ọmọ yẹn. Bí o bá jẹ ẹ́, ìjà parí, ọkọ̀ á gbéra báyìí. Bí o ò bá jẹ ẹ́, ká máa lọ bẹ́ẹ̀."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí n ṣe nǹkan mìíì."

"Mo ní kó o jẹun. Àbí májèlé ni mo gbé fún ọ?"

Ìtùnú ń wo Hikmat. Basit náà ń wò ó. Bó bá jẹ ẹ́, kí ló wá lé Basit lọ fún? Bí kò bá jẹ ẹ́, ọmọ ọlọ́mọ á pàdánù iṣẹ́ nítorí ohun tí òun gbàgbé láti sọ. Ó na ọwọ́, ó mú ẹyọ kan, ó jẹ ẹ́. Kò mọ adùn rẹ̀, ó ṣáà gbé e mì.

Alhaji bú sẹ́rìn-ín. Ó gbàdúrà fún wọn, ó sì gbé fóònù láti pe dírẹ́bà. Basit wá kó àwo.

"Ṣé ó dùn, Àǹtí?" Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀ rárá, ìyẹn gan-an ló dun Hikmat jù.

Nígbà tí wọ́n padà dé Bẹ́ẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ń já àpò àgbàdo sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ìtùnú ń dúpẹ́ bí ẹni máa fò. Ọ́fíìsì ọ̀gá ni Hikmat gbà lọ tààrà.

"Sà, mo jẹ ẹran sọ́pláyà lónìí. Ohun tá a ṣe fún Basit ni kẹ́ ẹ ṣe fún mi."

Oyèdélé rẹ́rìn-ín. "Ẹran Iléyá lásán? Ẹ lọ sinmi jàre. Ẹ ti gbà wá lónìí."

"Ìrẹsì Basit náà, ìrẹsì ọdún ni, sà." Ó bọ́ káàdì iṣẹ́ rẹ̀ lọ́rùn, ó gbé e sórí tábìlì. "Bí tèmi bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, ẹ pè é padà síṣẹ́. Bí tiẹ̀ bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ẹ gba káàdì mi."

Ẹ̀rín kúrò lójú ọ̀gá. Ó wo káàdì náà títí, ó wo Hikmat. Ó rí i pé obìnrin náà ò ṣeré.

"Ó dáa. Kó wá lọ́la. Ẹ fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀, kí n pè é."

Hikmat yọ fóònù jáde, ó ń wá orúkọ náà, kó tó rántí. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n lé Basit, àárọ̀ àti alẹ́ lọkùnrin náà ń pè é láti bẹ̀ ẹ́. Hikmat ò gbé e lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ìpè náà pọ̀ jù, ó pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́, kí ọkàn òun lè balẹ̀.

"Mi ò ní i, sà," ló wí. "Mo ti pa á rẹ́."

Ó jáde, ó tún gba ọ̀nà Ọjà'ba lọ, kò sì tíì mọ ohun tí òun máa kọ́kọ́ sọ fún Basit.