Ìbọn Tí Verlin Gbé Sílẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Verlin Stroud jẹ́, kó bá a lọ sí ọjà àlòkù láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Kò ní í ra nǹkan kan. Á ká ọwọ́ sẹ́yìn, á máa rìn láti ìdí tábìlì kan dé òmíràn, á kí àwọn tó ń tajà lórúkọ, ibi tí ìbọn bá sì wà lojú rẹ̀ á wà. Ọdún mẹ́sàn-án ni èmi àti Doyle Pickard, ọ̀rẹ́ wa, fi bá a rin ìrìn náà, nítorí náà ohun tí mo fojú ara mi rí ni mò ń sọ.

Ẹ̀rọ omi ni Verlin ń tún ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí kànga kan ní ẹkùn wa, ní ìlà oòrùn Oklahoma, tí kò tíì ki ọwọ́ bọ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó bá sì ti sọ ọ́, ó ti sọ ọ́ náà nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi ni, mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n agídí rẹ̀ máa ń bí mi nínú.

Ìbọn kan ló ń wá. Ìbọn ọdẹ ẹlẹ́nu méjì ni, òun ni Verlin àti Toby, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún un, fi ń pa àparò. Nígbà tí Toby wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, ó fi ọ̀bẹ ya àwòrán àparò kan sí igi ìdí ìbọn náà. Verlin nà án lọ́jọ́ yẹn, ó nà án dáadáa, torí pé ọwọ́ bàbá tirẹ̀ ni ìbọn náà ti wá. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ọkọ̀ Toby yọ̀ lórí afárá nínú òjò, ọmọ náà sì kú. A kò tíì sin ín tó oṣù kan tí Verlin fi gbé ìbọn náà lọ sí ọjà àlòkù, tó tà á fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Kò sọ fún Lavonne ìyàwó rẹ̀. Ohun tó sọ fún mi ni pé ẹyẹ yẹn ń wo òun láti ara ògiri.

Lavonne dé, ó bá ògiri lófìfo. Kò pariwo, kò bú ọkọ rẹ̀. Ó kàn sọ pé, "Ohun kan ṣoṣo tí ọwọ́ ọmọ mi ṣe tó kù nínú ilé yìí nìyẹn." Láti ọjọ́ náà ni Verlin ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri, Sátidé ní ọjà àlòkù, ọjọ́ Àìkú ní ìpàtẹ ìbọn. Bó bá ti padà sílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, Lavonne á yọjú lẹ́nu ọ̀nà, á wo ọwọ́ rẹ̀, á sì yí padà wọlé. Kí n sọ òótọ́, èmi kì í lè wo ojú obìnrin yẹn.

Ní oṣù kọkànlá ọdún tí mò ń sọ yìí, Sátidé wa kò so èso kankan. Pápá tí àwọn èèyàn ti máa ń jókòó sínú mọ́tò wo sinimá láyé ọjọ́un ni wọ́n ń ná ọjà àlòkù náà. Òtútù mú débi pé koríko ń dún lábẹ́ bàtà. Verlin ń bèèrè bó ṣe máa ń bèèrè: "Ẹlẹ́nu méjì, tó ní àparò nídìí?" Àwọn kan tiẹ̀ ti ń mi orí kó tó la ẹnu. Doyle ní tirẹ̀ ra ayùn kan tí kò ní eyín mọ́.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" mo bi í.

"Màá gbé e kọ́."

"Gbogbo ilé ẹ ni nǹkan tó o gbé kọ́. Ògiri yẹn á wó pa ẹ́ lọ́jọ́ kan."

"Tó bá wó pa mí, Hollis, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ayùn mi. Mo mọ̀ ẹ́."

Verlin kò bá wa rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Àìkú a lọ sí ìpàtẹ ìbọn, nínú gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ti ń fi màlúù díje nígbà ìkórè. Òórùn òróró ìbọn, kọfí àti gúgúrú ló gba ibẹ̀ kan. Ọjà yìí ní òfin kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Bí ìbọn bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ná an, kò tiẹ̀ gbọdọ̀ bèèrè iye rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí onítọ̀hún bá ti gbé e padà sórí tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e ló kàn. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Mo mọ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí kò kí ara wọn mọ́ nítorí òfin yìí. Òmíràn sì wà tí àwọn bàbá wa fi ìgbájú kọ́ gbogbo wa nílé: omi kì í kan irin ìbọn, bó bá sì kán sí i, kíá ni ká nù ún, kí ó má baà dípẹtà.

Ìdí tábìlì ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ni Verlin ti dúró. Mo rí i tí ẹ̀yìn rẹ̀ nà gbọọrọ.

"Ṣé mo lè gbé e wò?"

"Ẹ gbé e, sà. Ẹ fara balẹ̀ wò ó."

Ó gbé e. Kò wo ẹnu ìbọn, kò wo ohunkóhun, àtàǹpàkò rẹ̀ lọ tààrà sí ìdí igi náà.

"Hollis," ó ní. "Hollis, òun ni."

Mo tẹ̀ síwájú, mo wò ó. Àparò náà nìyẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ. Doyle ṣí fìlà rẹ̀.

"Ó jọ pé ó wù yín," ni onírùngbọ̀n wí. "Iye tí mo lẹ̀ mọ́ ọn yẹn kọ́ ni mo máa gbà o. Ẹ sọ tiyín."

Verlin tún fi àtàǹpàkò kan ẹyẹ náà. Ọkùnrin tí kò sunkún létí sàréè ọmọ rẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó kán sórí irin ìbọn náà. Òmíràn tún kán. Ọwọ́ rẹ̀ sì ṣe ohun tí wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré: ó gbé ìbọn náà sórí tábìlì, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó ń wá aṣọ ìnujú. Kì í ṣe ojú rẹ̀ ló fẹ́ nù, irin náà ni. Nígbà tí yóò fi rí aṣọ náà fà yọ, ìbọn ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ọkùnrin kan tí kò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ ni, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀, tí yóò tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Òdìkejì tábìlì ni wọ́n ti wá, wọn kò rí ojú Verlin. Ohun tí ọkùnrin náà rí ni pé bàbá àgbà kan gbé ìbọn sílẹ̀.

"Èló lèyí?" ó bèèrè.

Onírùngbọ̀n wo Verlin. Gbogbo wa wo Verlin. Gbólóhùn kan péré ni ọ̀ràn náà gbà.

"Ọ̀gá, ìbọn yẹn—" ni Doyle bẹ̀rẹ̀.

"Doyle, panu mọ́."

"Verlin, ṣé orí ẹ pé báyìí?"

"Mo gbé e sílẹ̀. Ìwọ náà rí mi."

"Omi ojú lo fẹ́ nù!"

"Mo ní mo gbé e sílẹ̀."

Inú bí mi. Ká ní èmi ni, ǹ bá ti fọ́ òfin náà yángá, kí ojú sì máa tì mí lọ sílé. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin yẹn ti rí ohun tó wà nídìí igi náà.

"Dádì, ẹ wo ẹyẹ níbí! Ta ló yà á?"

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi."

Ọkùnrin náà sanwó, ó fi ìbọn lé ọmọ lọ́wọ́, wọ́n kọjú sọ́nà. Verlin tẹ̀ lé wọn. Mo rò pé ọpọlọ rẹ̀ ti padà wá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ náà.

"Ọmọ mi ló yà á. Toby lorúkọ ẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ jù ẹ́ lọ nígbà yẹn."

"Ó mọ̀ ọ́n yà," ni ọmọ náà wí, "ẹsẹ̀ kan ló kàn gùn jù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ó mọ̀ ọ́n yà. Mi ò sọ fún un. Ṣe ni mo nà án."

Bàbá ọmọ náà gbọ́, ojú rẹ̀ yí padà. Ó gba ìbọn lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó nà án sí Verlin.

"Sà, mi ò mọ̀ o. Ẹ gbà á. Ẹ dákun, ẹ gbà á."

Doyle di ìgbọ̀nwọ́ mi mú. Nínú ọkàn mi mo ń sọ pé, gbà á, Verlin, gbà á kí Lavonne lè simi.

"Ṣé òun lẹ rà á fún?" Verlin bèèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. A fẹ́ máa jọ dẹ àparò."

Verlin ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò ẹ̀wù rẹ̀.

"Ẹ máa gbé e lọ nígbà náà. Tó bá fi ọ̀bẹ ya nǹkan sí i lára, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án."

A wakọ̀ padà sílé Verlin. Nígbà tí a dé, Lavonne yọjú. Ó wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó sì ń yí padà.

"Lavonne, mo rí i."

Ó dúró.

"Mo rí i, mo gbé e dání, mo sì gbé e sílẹ̀. Ọwọ́ ọmọdébìnrin kan ló wà báyìí."

Mo ti ń to àwáwí jọ fún un lọ́kàn mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohunkóhun tí obìnrin náà bá sọ sí i lọ́jọ́ yẹn tọ́ sí i.

"Kí ló dé tó o fi gbé e sílẹ̀?"

"Omi ojú mi ń kán sí i."

Ìgbà yẹn ni Lavonne tó wo ojú rẹ̀. Ó wò ó títí.

"Ìwọ? O sunkún? Níṣojú èèyàn?"

"Níṣojú Doyle pàápàá."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, díẹ̀díẹ̀, nítorí orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ẹ̀wù Verlin mú láyà.

"Ọdún mẹ́sàn-án, Verlin," ó ní. "Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń rò pé èmi nìkan ni mo bí ọmọ yẹn."

Verlin bú sẹ́kún, òun náà bú sẹ́kún. Mo ṣáná sí ọkọ̀, a sì fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀.