Mo Lọ Ṣe Sáńwíìṣì, Ìyá Ọkọ Mi Ń Retí Búrẹ́dì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí nígbà tí mo ní mo fẹ́ gba digírì. Kì í ṣe ìdánwò ló fẹ́ pa mí o. Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ṣoṣo báyìí ni, òun ló fẹ́ dójú tì mí lójú gbogbo ayé!

Àkókò SAP ni, nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo wa fún bẹ́líìtì mọ́ra. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́n nígbà náà, ẹ rántí? Owó oṣù tíṣà á pẹ́ títí kó tó dé, tó bá sì dé, kò ní tó nǹkan kan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ti ń se ọṣẹ, àwọn mìíràn ń rán aṣọ. Búrẹ́dì tí à ń jẹ bó ṣe wù wá tẹ́lẹ̀, a wá ń gé e tín-ín-rín fọ́mọ, torí pé fúláwà ti wọ́n kọjá àfẹnusọ.

Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé girama kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. NCE ni mo ní, mo sì ń fi yangàn. Àfi lọ́jọ́ kan tí wọ́n mú ọ̀gá tuntun wá fún ẹ̀ka wa. Ta ni mo rí? Ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ ní fọ́ọ̀mù tú! Ọmọ tí mo máa ń ní kó dìde dúró torí ariwo ẹnu rẹ̀! Ó ti gba digírì, ó sì ti dọ̀gá mi.

Ó kúnlẹ̀ kí mi o. Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n bó ṣe dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n kó ìwé nóòtù mi wá kóun yẹ̀ ẹ́ wò. Hà! Mi ò lè jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe òun ni mo bínú sí. Ara mi ni mo bínú sí, torí ọjọ́ tó ti pẹ́ ni mo ti ń sọ pé n ó padà sí ilé-ìwé, n ó padà sí ilé-ìwé.

Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi pé mò ń lọ. Wolé-wolé ni ọkọ mi, lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó bi mí pé ta ló máa tọ́jú ọmọ mẹ́rin. Mo ní ìbéèrè gidi nìyẹn. Ó ní òun náà mọ̀ pé ìbéèrè gidi ni.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà fún wa nígbà náà. Àkọ́kọ́, kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí n lọ jókòó sí yunifásítì fún ọdún bíi mẹ́ta gbáko. Kí la ó wá máa jẹ? A ò tiẹ̀ fi ìṣẹ́jú kan jíròrò ìyẹn.

Èkejì ni ti pósítì. Wọ́n á máa fi ìwé ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí ọ láti Èkó, wàá máa kà á nínú ilé rẹ, tó bá wá tó àkókò, wàá lọ ṣe ìdánwò. Owó rẹ̀ ló kéré jù. Ọkọ mi fẹ́ràn ìyẹn gan-an! Ó ní n ó máa kàwé, ọbẹ̀ náà á máa hó lórí iná. Mo ní ó mà kú ìrònú o.

Ẹ̀kẹta ni wọ́n ń pè ní sáńwíìṣì. Tí ilé-ìwé bá ti gba họlidé gígùn, àwa tíṣà á kó ẹrù lọ sí yunifásítì, a ó kàwé kíkankíkan fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, a ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ wa. Ọdọọdún la ó máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí a ó fi parí. Wọ́n ní torí pé wọ́n fi ẹ̀kọ́ há àárín iṣẹ́ ni wọ́n ṣe sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ó wọ́n ju ti pósítì lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹni ò ní bọ́.

Mi ò fẹ́ fojú lásán yàn. Mìsísì Ọdúkọ̀yà, tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi tó ń ṣe ti pósítì, yá mi ní ọ̀kan nínú ìwé rẹ̀ kí n fi dán ara mi wò. Ti pósítì bá òun mu dáadáa. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti dàgbà, ilé rẹ̀ pa rọ́rọ́. Èmi ńkọ́? Mo ṣí ojú ewé kìíní, àbígbẹ̀yìn mi ní òun fẹ́ ṣu. Mo padà dé, ìrẹsì ti ń jóná. Mo tún jókòó, ọkọ mi ní níbo ni mo kó ìbọ̀sẹ̀ òun sí. Lọ́jọ́ kẹrin, mo wá ìwé náà títí, mi ò rí i. Ìgbà tí mo máa rí i, àwọn ọmọ ti ya ojú ewé mẹ́ta nínú rẹ̀, wọ́n ti fi ṣe ọkọ̀ òfuurufú!

Ibi tí mo ti ń bẹ Mìsísì Ọdúkọ̀yà ni mo ti mọ̀ pé ti pósítì kì í ṣe tèmi. Ẹni tó bá fẹ́ kí n kàwé, àfi kó gbé mi kúrò nílé.

Ó wá ku ẹni tó máa dúró ti àwọn ọmọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì wà, ìyẹn ìyá ọkọ mi, Màmá Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀.

Ẹ̀rù Màmá máa ń bà mí. Kò burú o! Ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn, ó ń yan gàrí tà, kì í sì í sọ̀rọ̀ méjì. Mi ò rí i kó mú ìwé dání rí. Mo ti sọ lọ́kàn ara mi pé tó bá gbọ́ pé mo fẹ́ fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀ torí ìwé, á ní ìwé wo ló tún kù tí mi ò tíì kà. Ṣé mo bi í? Rárá o. Èmi ni mo bèèrè, èmi náà ni mo dáhùn.

Bá a ṣe ṣe ìsìn tán lọ́jọ́ Ìsinmi kan, èmi àti ọkọ mi gun alùpùpù lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. A jẹun tán, ọkọ mi wúkọ́, ó ní, "Màmá, Ìyá Bọ́lá fẹ́ lọ ṣe sáńwíìṣì ní họlidé."

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó! Ṣebí "ṣe" kan náà la fi ń ṣe iṣẹ́, la fi ń ṣe ìdánwò, la tún fi ń ṣe oúnjẹ? Bí gbogbo tíṣà ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn: "Mò ń ṣe sáńwíìṣì." Ṣùgbọ́n sáńwíìṣì kan ṣoṣo tí Màmá mọ̀ láyé rẹ̀ ni èyí tí wọ́n gbé fún un níbi ìsàmì ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀, búrẹ́dì méjì tí wọ́n fi ẹyin sáàrin.

Màmá pàtẹ́wọ́! "Orí rẹ pé, ìyàwó mi! Owó tíṣà ò dé mọ́, búrẹ́dì sì ti di góòlù. Lọ kọ́ ọ dáadáa. Èmi ni n ó wá dúró ti àwọn ọmọ."

Mo wo ọkọ mi. Ọkọ mi ń wo àjà. Ṣé kí n wá tún ọ̀rọ̀ ṣe, kí n pàdánù ẹni tó ti gbà? Mo ní, "Ẹ ṣé, Màmá." Bá a ṣe ń padà lọ sílé, ọkọ mi ní irọ́ kọ́ la pa, àwa ò ṣáà sọ pé búrẹ́dì ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwa méjèèjì mọ̀ pé irọ́ ni.

Bí mo ṣe lọ nìyẹn. Ha, ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbádùn! Mo ń kàwé, kò sẹ́ni tó ń bi mí léèrè ìbọ̀sẹ̀. Nílé, Màmá ń se ìkòkoré fún àwọn ọmọ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn fi yọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ pé, mo padà dé. Kí ni mo bá lẹ́yìnkùlé? Ààrò amọ̀ ńlá kan tí Màmá ti ní kí wọ́n mọ dè mí! Páànù búrẹ́dì méjìlá tí wẹ́dà ṣẹ̀ṣẹ̀ jó! Àpò fúláwà tó dé ìdajì! Àwọn ìyá mẹ́ta tí wọ́n ń bá Màmá yan gàrí ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ró ìró tó dáa, wọ́n wá wo bí n ó ṣe yan búrẹ́dì. Bí wọ́n ṣe rí mi, wọ́n ní, "Ìyá oníbúrẹ́dì, ẹ kú àbọ̀ o!"

Ó yẹ kí n sọ òótọ́ níbẹ̀, àbí kò yẹ? Ojú tì mí. Mo ní báwo ni búrẹ́dì ṣe fẹ́ le tó? Mo po fúláwà, mo da ìwúkàrà sí i, mi ò ní sùúrù kó wú, mo tì í sínú ààrò. Nígbà tá a yọ ọ́, Màmá mú ọ̀kan, ó fi kan ẹ̀gbẹ́ bẹ́ǹṣì. Kò! Kò! Kò! Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà bèèrè pé ṣé irú èyí tí wọ́n máa ń rẹ sómi bíi gàrí ni.

Màmá kọjú sí mi. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ! Kí ni wọ́n kọ́ ẹ níbẹ̀?"

Mo ní, "Jọ́gíráfì, Màmá."

Àwọn ìyá náà bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi ṣubú lórí bẹ́ǹṣì. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù rẹ̀. Tí Màmá bá lọ, digírì mi ti tán nìyẹn.

Mo sáré wọlé, mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀: ọmọ tí mo kọ́ tó dọ̀gá mi, ti pósítì tí kò ṣeé ṣe, bẹ́rù ṣe bà mí pé Màmá á kọ̀. Mo ní kó máa nà mí tó bá fẹ́. Màmá jókòó sórí ẹrù rẹ̀.

Ó ní kíláàsì kejì lòun wà tí bàbá òun fi mú òun kúrò ní ilé-ìwé kí ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin lè máa lọ. Ó ní gàrí tí òun ń yan látìgbà náà, kí ni mo rò pé òun fi owó rẹ̀ ṣe? Ṣé mo mọ ẹni tó fi èéfín gàrí rán ọkọ mi níwèé títí tó fi di wolé-wolé? Ojú rẹ̀ pọ́n. Mi ò rí omijé lójú Màmá rí, àfi ọjọ́ yẹn.

"Ìyá Bọ́lá, torí búrẹ́dì, mo rìn wá. Ká ní o sọ fún mi pé ìwé ni, eré ni ǹ bá sá wá."

Mo sunkún bí ọmọdé. Màmá bi mí pé họlidé mélòó ló kù. Mo ní mẹ́ta. Ó ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lòun máa wá, ṣùgbọ́n tí mo bá tún parọ́ fún òun, kí n máa wá ẹlòmíràn. Ó sì wá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo gba digírì mi.

Ohun tí mo rí kọ́ rèé. Mo ti ṣírò owó ilé-ìwé, mo ti ṣírò ọ̀sẹ̀, mo ti gbé ti pósítì àti sáńwíìṣì sórí ìwọ̀n. Ẹnì kan tó fẹ́ kí n kàwé ju èmi fúnra mi lọ, òun ni mi ò bi léèrè! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́, tẹ́ ẹ sì ń ronú ìwé báyìí, ẹ má yan èyí tí owó rẹ̀ kéré nìkan. Ẹ yan èyí tí ilé yín máa jẹ́ kẹ́ ẹ parí. Kẹ́ ẹ tó pinnu pé lágbájá ò ní gbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ bi í.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ọ̀nà wo lẹ gbà padà sí ilé-ìwé, ta ló sì dúró ti àwọn ọmọ yín? Ṣé ẹ sọ òótọ́ fún un? Ẹ kọ ọ́ síbí, ẹ má fi nǹkan kan pa mọ́, èmi náà ti sọ tèmi.